Iná check engine tàn: kí la lè fi síkánà wò nílé kí a tó náwó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará. Corolla 2005 ni mò ń gùn, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1.8. Ó ti ṣe díẹ̀ tí iná check engine ti tàn tí kò kú mọ́. Ọkọ̀ ṣì ń sáré dáadáa lójú títì, ṣùgbọ́n tí mo bá dúró nínú gò-slò, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bíi pé ó fẹ́ kú, epo náà sì ń yára tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa kò so ẹ̀rọ kankan mọ́ ọkọ̀ náà tó fi sọ pé brainbox (kọ̀mpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ni, pé kí n lọ wá owó. Rìwáyà tó jókòó tì í ní òun lè yọ gílóòbù iná náà kúrò kó má baà máa dà mí láàmú. N kò fẹ́ yọ gílóòbù, n kò sì fẹ́ ra brainbox láìmọ ìdí. Mo ti ra síkánà kékeré tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, èyí tó ń ka kóòdù àléébù látinú brainbox. Kóòdù P0171 ló gbé jáde. Kí ni kí n ṣe báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n sọ owó nù.

Mẹkáníìkì Àkúrẹ́:
Ẹ kú ìnira, ẹ̀gbọ́n. Ó dára bí ẹ kò ṣe tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Ohun àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má tíì pa kóòdù yẹn rẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé tí síkánà bá ti dé ọwọ́ wọn, "clear" ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ̀. Iná á kú, inú wọn á dùn. Kò ní pẹ́ tí yóò tún tàn, gbogbo ẹ̀rí tí brainbox kó pamọ́ á sì ti lọ.

P0171 kò ní kí ẹ lọ ra nǹkan kan. Ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju epo tó yẹ kó bá a lọ, pé brainbox ti ń fi epo kún un, ó fi kún un títí ó fi dé òpin ibi tí wọ́n gbà á láyè dé. Brainbox tó lè ṣe ìṣirò yẹn, tó tún tan iná láti ké sí yín, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe yẹn. Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ pé kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nínú áàpù yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "freeze frame" sí. Ní àsìkò tí kóòdù wọlé, brainbox kọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ sílẹ̀: eré tí ọkọ̀ ń sá, RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, àti bí ẹrù iṣẹ́ tó wà lórí ẹ́ńjìnnì ṣe pọ̀ tó. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ fi sọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, ẹ pa AC, kí ẹ ṣí live data, ibi tí áàpù ti ń fi ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń kà hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá STFT àti LTFT. Àwọn méjèèjì là ń pè ní fuel trim. STFT ni epo tí brainbox ń fi kún tàbí tó ń yọ lójú ẹsẹ̀. LTFT ni àtúnṣe tó ti di bárakú fún un. Tí ẹ bá ro méjèèjì pọ̀ tí iye náà wà láàárín -10% sí +10%, kò sí wàhálà. Tó bá ti ń lọ sí +20% sókè, ó ní afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé láìgba ọ̀nà tí wọ́n ti ń kà á, tàbí kó jẹ́ pé epo ni kò tó.

Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ tí ẹsẹ̀ kò sí lórí iná (accelerator), àti nígbà tí ẹ bá tẹná dé RPM 2500 tí ẹ sì dì í mú níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló máa sọ ibi tí a máa wá a sí.

Ará Peckham:
Fún ẹni tí kò tíì ra síkánà, ọ̀rọ̀ ṣókí. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú OBD-II, tó ní ihò 16, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá awakọ̀. Ti Yúróòpù dé lẹ́yìn: ọdún 2001 fún ọkọ̀ bẹntiróòlù. Peugeot 504 bàbá yín kò ní brainbox rárá, ẹ má wulẹ̀ wá ojú kankan kiri lábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni àwọn kékeré tí wọ́n kọ ELM327 sí lára. Tí fóònù yín bá jẹ́ Android, ti Bluetooth dára. Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ ra ti Wi-Fi tàbí ti Bluetooth LE, torí Bluetooth ayé àtijọ́ kò ní bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ayédèrú tí wọ́n kọ v2.1 sí lára máa ń kùnà lórí ọkọ̀ tó ti ṣáájú ọdún 2008, torí ìgbà yẹn ni gbogbo ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà wá di ti CAN, ìyẹn ìlànà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ fi ń bá síkánà sọ̀rọ̀. Áàpù Torque àti Car Scanner tó fún iṣẹ́ ilé. Ẹ so ó mọ́ ọn kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹ sì yọ ọ́ tí ẹ bá parí. Tí ẹ bá fi í síbẹ̀ tí ọkọ̀ kò rìn fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè fa bátìrì gbẹ.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín o. Iná tèmi kì í dúró lójú kan, ńṣe ló ń ṣẹ́jú. Tí mo bá ń gun òkè ló ń ṣẹ́jú. Tí mo bá dé ilẹ̀ tó tẹ́jú, á dúró. Camry 2.4 ni. P0300 àti P0302 ni síkánà àbúrò ọkọ mi kà. Èkó ni mo fẹ́ gbé e lọ lọ́la.

Mẹkáníìkì Àkúrẹ́:
Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ Èkó. Iná tó tàn tó dúró, ẹ lè fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wa ọkọ̀ dé ibi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá jẹ́ pé ọ́ìlì pé, tí ọkọ̀ kò sì gbóná. Iná tó ń ṣẹ́jú yàtọ̀. Ó túmọ̀ sí pé sílíńdà kan kò jó epo rẹ̀, epo tí kò jó yẹn sì ń ṣàn lọ sínú kátálíìsì (ohun tó ń fọ èéfín nínú páìpù sàlẹ́ńsà), ibẹ̀ ló ti ń jó. Ooru rẹ̀ lè yọ́ inú kátálíìsì pátápátá, owó kátálíìsì sì ju owó ohun tó bàjẹ́ gan-an lọ fíìfíì.

P0300 ń sọ pé sílíńdà ń kùnà láti jó epo, P0302 sì ń tọ́ka sí sílíńdà kejì. Lórí ẹ́ńjìnnì yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti apá ibi tí bẹ́líìtì wà. Kọ́ìlì mẹ́rin ló jókòó sórí plọ́ọ̀gì mẹ́rin, bóòtì kan tí sípánà 10 ń tú ló sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tútù tí wọ́n ti pa, kí àbúrò ọkọ yín yọ kọ́ìlì kejì, kó fi ti ẹ̀kẹta sí ipò rẹ̀, kó fi ti ẹ̀kejì sí ipò ẹ̀kẹta. Ẹ kọ kóòdù sílẹ̀, ẹ pa á rẹ́, ẹ wà á díẹ̀ ládùúgbò. Tí kóòdù bá yí padà di P0303, kọ́ìlì ló bàjẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ máa rà. Tó bá dúró ní P0302, ẹ ṣe bákan náà fún plọ́ọ̀gì. Tó bá tún dúró síbẹ̀, ó ku nọ́súlù, lẹ́yìn náà kọmpírẹ́ṣọ̀n. Kò sí náírà kankan tó jáde lápò yín títí dé ibẹ̀.

Awakọ̀ Ìkòròdú:
Mo fẹ́ fi kún ohun tí ọ̀gá sọ. Tí ẹ bá fẹ́ ra kọ́ìlì tàbí plọ́ọ̀gì ní ọjà Ládìpọ̀, ní Mushin, ẹ mú èyí tí ẹ yọ lọ́wọ́ lọ, kí ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé ti tuntun. Ayédèrú plọ́ọ̀gì pọ̀ níbẹ̀ tó jẹ́ pé páálí rẹ̀ dára ju ti ojúlówó lọ. Ẹlòmíràn á ra mẹ́rin tuntun, á fi sí i, kóòdù á padà wá, á wá máa rò pé nọ́súlù ló kàn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo ti ṣe é, ẹ̀yin ọ̀gá. Nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, LTFT jẹ́ +23, STFT ń fò láàárín +2 àti +5. Mo tẹ̀ ẹ́ dé 2500, àròpọ̀ méjèèjì bọ́ sílẹ̀ dé nǹkan bíi +6. Freeze frame sọ pé RPM jẹ́ 700 àti díẹ̀, omi ẹ́ńjìnnì wà ní 88°C, eré ọkọ̀ sì jẹ́ 0. MAF, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, ń ka gíráàmù 1.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó dúró.

Mẹkáníìkì Àkúrẹ́:
Ẹ ṣeun, iṣẹ́ gidi lẹ ṣe yìí. Gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka síbì kan náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dúró jẹ́ẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń mí kò pọ̀, nítorí náà ihò kékeré kan tó bá wà lẹ́yìn MAF á kó ìpín tó pọ̀ wọlé láìkà. Nígbà tí ẹ bá tẹná, afẹ́fẹ́ tó ń gba iwájú wọlé á pọ̀ débi pé ti ihò yẹn kò ní jọ nǹkan mọ́, fuel trim á sì rọlẹ̀. Ohun tí nọ́ńbà yín sọ gan-an nìyẹn. Freeze frame náà jẹ́rìí sí i: ọkọ̀ dúró, ó ti gbóná. Fún ẹ́ńjìnnì 1.8, ó yẹ kí MAF máa ka nǹkan bíi 2 sí 3 nígbà tó bá dúró. 1.6 yín fi hàn pé afẹ́fẹ́ kan ń gba ibòmíràn.

Ibi tí ẹ máa wò: lákọ̀ọ́kọ́, róbà ńlá tó ti ilé fíltà afẹ́fẹ́ wá sí ara throttle, ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọwọ́ tẹ àwọn ìṣẹ́po rẹ̀ ṣí, ẹ wo inú wọn, torí ibẹ̀ ló ti máa ń sán láìhàn. Èkejì, róbà kékeré ti PCV, tó ń kó èéfín inú ẹ́ńjìnnì láti orí ẹ́ńjìnnì wọ máníflọ́ọ̀dù (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà). Ooru àti ọ́ìlì máa ń bà á jẹ́, á sán nísàlẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ẹ̀kẹta, róbà búrẹ́kì tó lọ sí booster. Ẹ̀kẹrin, gásíkẹ́ẹ̀tì máníflọ́ọ̀dù, èyí tí ẹ́ńjìnnì 1ZZ tó wà nínú Corolla yín lókìkí fún. Tó bá jẹ́ òun, fuel trim á burú jù láàárọ̀ kùtù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á sì máa sàn díẹ̀ bó ṣe ń gbóná.

Fún dídán wò: ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ máa wo STFT, kí ẹnì kan fi pílásì rọra fún róbà kọ̀ọ̀kan pa. Èyí tí ẹ fún pa tí STFT rọlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹ ń wá. Ẹlòmíràn máa ń fọ́n carburetor cleaner yí i ká láti gbọ́ bí ìró ẹ́ńjìnnì ṣe máa yí padà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè gbiná lára sàlẹ́ńsà tó gbóná. Omi díẹ̀ nínú ìgò tí wọ́n fi ń fọ́n omi sórí aṣọ tó fún wíwá ihò, kò sì sí ewu iná níbẹ̀. Ẹ kàn má fọ́n ọn sí ara kọ́ìlì àti wáyà.

Rìwáyà Mushin:
Ẹ gbà mí láyè, torí ìdí iṣẹ́ tèmi gan-an ni. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ gílóòbù check engine, kò ṣe ọkọ̀ yẹn lóore. Ẹni tó ń gùn ún kò ní mọ̀ mọ́ tí ọkọ̀ bá ń jóná lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ: tí síkánà bá kó kóòdù mẹ́fà tàbí méje jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U (ti àìbáraẹnisọ̀rọ̀ àwọn kọ̀mpútà inú ọkọ̀) wà nínú wọn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó sẹ́ńsọ̀ mẹ́fà. Iná bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Tí ọkọ̀ bá kú, bátìrì tó dára máa ka nǹkan bíi 12.6 volt. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.7. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, alternator tàbí ìsopọ̀ ló ní ẹjọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo wáyà ilẹ̀ (ground) tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀, ìpẹtà máa ń jẹ ẹ́, pàápàá ọkọ̀ tó ti wọnú omi nígbà òjò. Ẹ tún wo bóyá eku ti jẹ wáyà. Mo ti rí sẹ́ńsọ̀ tuntun tí wọ́n rà, tó jẹ́ pé eyín eku wà lára wáyà rẹ̀.

Kóòdù tí ó ní "circuit" nínú àlàyé rẹ̀, bíi P0135 ti heater inú sẹ́ńsọ̀ oxygen tó wà níwájú kátálíìsì, P0113 ti sẹ́ńsọ̀ ooru afẹ́fẹ́, tàbí P0102 ti MAF, iná ló ń sọ. Fíúùsì, ojú ìso àti wáyà lẹ máa wò kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀. Tí irú rẹ̀ bá wà pẹ̀lú P0171, ẹ kọ́kọ́ tún ti iná ṣe, torí sẹ́ńsọ̀ tí iná rẹ̀ kò pé lè máa purọ́ fún brainbox.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Róbà PCV ni! Ó sán lápá ìsàlẹ̀ níbi tó ti wọ máníflọ́ọ̀dù, ìka mi wọnú ojú ibi tó sán. Nígbà tí a fún un pa, STFT já sí -15 lójú ẹsẹ̀. Mo ra tuntun ní ọjà Araromi ní Gate, n'Ìbàdàn, nítorí mo ní iṣẹ́ lọ síbẹ̀. Mo ti pa kóòdù rẹ́, LTFT wà ní +4 báyìí, gbígbọ̀n ti lọ. Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín.

Awakọ̀ Ìkòròdú:
Ẹ kú oríire! Fún àwọn tó bá ní òdì kejì tiwọn, ìyẹn tí fuel trim dára nígbà tí ọkọ̀ dúró ṣùgbọ́n tó ń gòkè sí i bí ẹ ṣe ń tẹná, ẹ má wá ihò. Epo ni kò tó: pọ́ǹpù tó ti rẹ̀, fíltà epo tó dí, tàbí MAF tó dọ̀tí tó ń ka afẹ́fẹ́ kéré ju bó ṣe wà lọ. MAF ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, torí òun ló rọrùn jù. Ẹ ra ìfọ́n tí wọ́n ṣe fún MAF nìkan, ẹ má fi bẹntiróòlù, ẹ má fi aṣọ nù ún, torí okùn inú rẹ̀ tín-ín-rín. Eruku ọyẹ́ máa ń bà á jẹ́, pàápàá tí ilé fíltà kò bá dé dáadáa.

Ní ti pọ́ǹpù, ẹ rántí epo oníméthanol tó wọ ọjà ní February 2022. Ọkọ̀ púpọ̀ ló jìyà rẹ̀ lásìkò yẹn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báyìí kété lẹ́yìn tó ra epo níbì kan, kó wo epo náà kó tó wo nǹkan mìíràn.

Ará Ìbàdàn, Challenge:
Tèmi P0128 ni, Corolla 2007. Ọkọ̀ kì í gbóná, inú mi tiẹ̀ dùn sí i, torí àbẹ́rẹ́ ìwọ̀n ooru kì í dé àárín. Ṣé ó burú ni?

Mẹkáníìkì Àkúrẹ́:
Ó burú, àbúrò. P0128 ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó bó ṣe yẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe bóyá ó ti yọ tẹ́mósítáàtì, ohun kékeré tó ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró títí á fi gbóná. Ọ̀pọ̀ nínú wa nídìí iṣẹ́ yìí ló máa ń yọ ọ́ sọnù, tí a ó ní ilẹ̀ wa gbóná, pé àwọn òyìnbó ló nílò rẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn láti ṣiṣẹ́ nígbà tí omi inú rẹ̀ bá gbóná. Tẹ́mósítáàtì ẹ́ńjìnnì 1ZZ yín máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bíi 82°C. Tí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa yí ká láti ìgbà tí ẹ bá ti tan ọkọ̀, brainbox á máa rò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí i láàárọ̀, á máa fún un ní epo púpọ̀. Ẹ ń fi epo ṣòfò, ọ́ìlì ń bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì ń yára gbó.

Ẹ ṣí live data, ẹ wo coolant temperature. Ẹ wà á fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó yẹ kó gòkè dé 80 àti díẹ̀ sí 95, kó sì dúró níbẹ̀. Tó bá ń gòkè nínú gò-slò, tó tún ń rọlẹ̀ sí 65 tàbí 70 bí ẹ ṣe wọ ọ̀nà márosẹ̀, tẹ́mósítáàtì kò sí níbẹ̀ tàbí ó ti há ní ṣíṣí. Tẹ́mósítáàtì kò wọ́n. Tí ọkọ̀ bá ń gbóná jù lẹ́yìn tí wọ́n dá a padà, wàhálà tí wọ́n fi yíyọ bò mọ́lẹ̀ nìyẹn: rédíétọ̀ tó dí, fáànù tí kò ṣiṣẹ́, tàbí ìdérí rédíétọ̀ tó ti rẹ̀. Òun gan-an ni kí ẹ tún ṣe.

Ará Houston:
Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí P0420, torí òun ló ń jẹ owó àwọn ènìyàn wa jù níhìn-ín. Ó ń sọ pé kátálíìsì kò fọ èéfín mọ́ bó ṣe yẹ. Sẹ́ńsọ̀ oxygen kan wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí kátálíìsì bá ṣì lágbára, ti ẹ̀yìn, èyí tí áàpù ń pè ní Bank 1 Sensor 2, máa ń dúró lójú kan ní nǹkan bíi 0.6 sí 0.8 volt nígbà tí ọkọ̀ ti gbóná tó sì ń sáré déédéé. Tó bá ń fò láti 0.1 dé 0.9 láìsinmi, kátálíìsì ti rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n bá rí i, sẹ́ńsọ̀ yẹn sì ni ó ń sọ òótọ́.

Kí ẹ tó ra kátálíìsì, ẹ wo bóyá sàlẹ́ńsà jò níwájú sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ sì wá ohun tó pa ti tẹ́lẹ̀. Misfire (sílíńdà tí kò jó epo rẹ̀) tí wọ́n fi sílẹ̀ lè pa á. Ọ́ìlì tó ń jó náà lè pa á, Camry 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE sì lókìkí fún jíjẹ ọ́ìlì. Tí ẹ kò bá dá èyí dúró, tuntun náà á kú.

Ní Texas, wọ́n ti fòpin sí àyẹ̀wò ààbò fún ọkọ̀ àdáni láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò èéfín ṣì wà ní Harris County tí Houston wà. Ojú OBD ni wọ́n ń so ẹ̀rọ mọ́. Ẹ má pa kóòdù rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ: readiness monitors (àyẹ̀wò tí brainbox ń ṣe fún ara rẹ̀) á ti padà sí "not ready", fún ọkọ̀ 2001 sókè ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbà kó ṣẹ́ kù. Ẹni tí kò ní síkánà, AutoZone máa ń ka kóòdù lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀.

Ará Peckham:
Níbí ní UK náà, iná tó tàn máa ń já ọkọ̀ ní MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún: ọkọ̀ bẹntiróòlù tí wọ́n kọ́kọ́ lò láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2003, àti ti dísẹ́ẹ̀lì láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2008.

Mẹkáníìkì Àkúrẹ́:
Nílé, kátálíìsì ní ìtàn mìíràn. Platinum, palladium àti rhodium wà nínú rẹ̀, àwọn kan ń rà á kiri, ẹlòmíràn á sì gé e kúrò lábẹ́ ọkọ̀ oníbàárà, á fi páìpù lásán rọ́pò rẹ̀. Tí P0420 bá wọlé kété lẹ́yìn tí ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń jó sàlẹ́ńsà, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á fi páìpù kékeré gbé sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn sókè kó má baà rí nǹkan, iná nìkan ló máa kú.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣeun o, kóòdù ti yí sí P0303. Kọ́ìlì ni. Ọmọkùnrin mi kan tún ń béèrè: P0455 ni tirẹ̀, ọkọ̀ náà kò sì ṣe nǹkan kan.

Awakọ̀ Ìkòròdú:
Ìdérí táǹkì epo, mà. P0455 ń sọ pé afẹ́fẹ́ epo ń jò jáde nínú EVAP, ètò tó ń kó afẹ́fẹ́ epo inú táǹkì pamọ́. Kó yí i títí á fi dún "kẹ̀rẹ̀kẹ̀", kó wo bóyá róbà inú rẹ̀ ti sán tàbí bóyá ilé epo ti fi ti ọkọ̀ mìíràn dé e. Iná náà lè má kú lọ́jọ́ kan náà, ó di ẹ̀yìn tí ọkọ̀ bá rìn fún ọjọ́ díẹ̀.

Olùrajà Tòkunbọ̀:
Mo fẹ́ ra Corolla 2010 lọ́la. Iná kankan kò tàn lórí rẹ̀. Kí ni síkánà lè sọ fún mi?

Mẹkáníìkì Àkúrẹ́:
Kí ẹ tó so síkánà rárá, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìtan ẹ́ńjìnnì. Iná check engine gbọ́dọ̀ tàn. Tí kò bá tàn, wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí wọ́n ti bò ó. Lẹ́yìn náà kí ẹ so ó, kí ẹ ka mẹ́rin: kóòdù tó ti fìdí múlẹ̀, pending codes (èyí tí kò tíì fìdí múlẹ̀), readiness monitors, àti ìjìnnà tí ọkọ̀ ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́. Kí ẹ tún jẹ́ kí áàpù ka VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀) láti inú brainbox, kí ẹ fi wé èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Tí wọn kò bá bára mu, brainbox ọkọ̀ mìíràn ló wà níbẹ̀.

Olùrajà Tòkunbọ̀:
Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí. VIN bára mu. Kò sí kóòdù. Catalyst àti EVAP ní "not ready", ìjìnnà jẹ́ kìlómítà 11. Ó ní bátìrì ni wọ́n yọ lánàá.

Mẹkáníìkì Àkúrẹ́:
Ó lè jẹ́ òótọ́, torí bátìrì tí wọ́n bá yọ máa ń pa á rẹ́ náà lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì tíì sanwó. Ẹ ní kí ẹ jọ wà á: ẹ gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí ní eré kan náà, ẹ wọ inú ìlú díẹ̀, kí epo inú táǹkì wà láàárín ìdámẹ́rin sí ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin, torí EVAP kì í dán ara rẹ̀ wò tí táǹkì bá kún tàbí tó bá ṣófo. Ẹ jẹ́ kí live data wà lórí fóònù yín ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ máa wo fuel trim, ooru omi àti Bank 1 Sensor 2. Tí ẹ bá padà, ẹ tún ka pending codes. Kóòdù púpọ̀ máa ń fi ara hàn níbẹ̀ ní ìrìn àkọ́kọ́, kí iná tó tàn ní ìrìn kejì. EVAP lè má parí lónìí, torí ó máa ń fẹ́ kí ọkọ̀ sùn di tútù. Tí catalyst bá di "ready" tí pending sì ṣófo, ẹ lè jókòó sọ ọ̀rọ̀ owó.